Kàsálì Adájọ́ Fíìmù àti Ikú Bàbá Láòyè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé ojú olójú kò dà bí ojú ẹni, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbé e kiri bí ẹni tó gbé àpò tí kò wo inú rẹ̀ rí. Ẹ jókòó dáadáa, kí n tú àpò náà fún yín. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé òwe yìí kò ti wà kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ni, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n sọ òwe náà lórúkọ fún wa.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ọ̀pẹ tó ń jẹ́ Kàsálì. Onígbàjámọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lórí irun, àmọ́ kì í ṣe irun ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹnu ni. Kò sí fíìmù tó jáde tí Kàsálì kì í dájọ́ fún. Bí ó bá ti da aṣọ bo èèyàn lọ́rùn, tí abẹ ti wà létí onítọ̀hún, ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò sì bá ẹni tó mú abẹ dání jiyàn?

"Òṣèré tó ṣe ìyáálé yẹn," á ní, "ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyẹn kì í ṣe omijé. Àlùbọ́sà ni."

Tàbí kó ní, "Ẹ wo ọba inú fíìmù ọjọ́sí. Adé lórí, sílípáàsì lẹ́sẹ̀! Ṣé balùwẹ̀ ni wọ́n ti lọ fi í jọba ni?"

Fídíò orin gan-an kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Olórin ń kọrin pé ebi ń pa òun, ó wá fẹ̀yìn ti ọkọ̀ tó tó ilé. Ọmọge mẹ́rin ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ijó ebi náà nìyẹn?"

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí abẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé wọn létí. Wọ́n sọ ọ́ ní Adájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra fíìmù tuntun á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Adájọ́ kó tó náwó.

Àṣírí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Kàsálì kò wo fíìmù kankan parí rí láyé rẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti tàn, tí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ti ń dún, oorun á gbé e bí àṣá ṣe ń gbé òròmọdìẹ. Kí wọ́n tó kọ orúkọ òṣèré kẹta, ó ti ń hanrun.

Oyèníran ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló máa ń bá a wò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Oyèníran á jókòó sórí àga, Kàsálì á fá orí fún un lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà á sì ro fíìmù náà fún un látòkè délẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí Oyèníran ń wò pọ̀ débi pé irun kò ráyè hù lórí rẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ohun tí Kàsálì ń wá láyé kò ju Wúràọlá ọmọ Bàbá Láòyè lọ. Wúrà fẹ́ ẹ. Ìyá Wúrà gbà. Bàbá nìkan ló kù. Bíríkìlà àgbà ni Bàbá Láòyè, bó ṣe máa ń wo ògiri bóyá ó tọ́ ló ṣe máa ń wo èèyàn. Gbogbo ìgbà tí Kàsálì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ń sọ ju, "A ṣì ń wò ó."

Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni àwọn onífíìmù kan dé sí. Wọ́n rí irùngbọ̀n Bàbá Láòyè, funfun báláú, ó gùn dé àyà, wọ́n ní kó wá bá àwọn ṣe ìjòyè tó mu májèlé nínú ẹmu. Oko tó wà lódìkejì odò ni wọ́n ti ya á, ará ilé kankan kò bá a lọ. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó mu ẹmu, kó ṣubú, kó kú. Bàbá Láòyè kú, kò kú tán. Wọ́n ní kó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó na ẹsẹ̀, ó ká a kò. Ó dìde jókòó, ó ṣúre fún àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀, ó tún kú. Ẹni tó ń darí eré ń pariwo pé, "Bàbá, ó tó!" Bàbá ní ikú kì í gba àṣẹ lẹ́nu ọmọdé.

Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ohun tó ṣe fún ẹnikẹ́ni kí fíìmù tó jáde. Ó pa á mọ́nú, inú rẹ̀ sì ń wú bí àkàrà nínú epo. Nígbà tí fíìmù jáde ní ọjọ́ Sátidé, ó fi àwo rẹ̀ rán Wúrà sí Kàsálì.

"Bùrọ̀dá Kàsálì," Wúrà ní, "Bàbá ní kí ẹ wò ó ṣáájú gbogbo èèyàn. Ìyá ń bọ̀ láti Ṣakí lọ́la. Wọ́n ní níwájú gbogbo wa, kí ẹ dájọ́ eré àwọn. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iyì ohun tí àwọn ṣe, òun ló lè fẹ́ ọmọ àwọn."

Kàsálì gbé àwo náà tọ Oyèníran lọ ní ìrọ̀lẹ́. "Ọ̀rẹ́, èyí kì í ṣe tàwàdà o. Ìyàwó mi ló wà nínú àwo yìí."

Wọ́n tan án. Kàsálì sùn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọlọ́kadà kan ń pe Oyèníran níta pé táyà òun ti jò, Oyèníran sì sáré jáde. Ẹ̀yin náà mọ bí àwo fíìmù wa ṣe rí: kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti kọ́kọ́ polówó fíìmù márùn-ún mìíràn àti orin méjì. Ìgbà tí Oyèníran padà wọlé, ìpolówó ni wọ́n ń ṣe lọ. Òun rò pé fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó rí irùngbọ̀n funfun tó ń bá ọmọge mẹ́ta jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pupa. Ó ní, "Háà, Bàbá Láòyè!" Kò pẹ́, irùngbọ̀n funfun tún yọ, ó gbé ewúrẹ́ sábẹ́ agbádá, èrò ń lé e bọ̀. "Háà, Bàbá!" Bí ó ṣe ní kí òun mọ ibi tí ewúrẹ́ náà yọrí sí ni iná lọ. Iná kò dé mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó rí ló rò fún Kàsálì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, agbo ilé Bàbá Láòyè kún. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé. Ẹgbẹ́ bíríkìlà pé, alága wọn ló jókòó síwájú. Ìyá Wúrà, tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ṣakí níbi tó ti lọ wẹ ọmọ fún àbúrò rẹ̀, kò tíì gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá.

"Adájọ́," Bàbá ní, "kí a tó tan nǹkan, sọ fún wọn. Níbo ni mo ti ṣe é jù?"

Kàsálì wúkọ́. "Bàbá, kámẹ́rà kò mì. Aṣọ bá a mu. Àmọ́ ká sòótọ́, ijó yẹn ni!"

"Ijó?"

"Ijó tí ẹ bá àwọn ọmọge yẹn jó. Bàbá! Ẹ ò jẹ́ ká mọ̀ pé ìdí yín ṣì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀!"

Ìyá Wúrà gbé ife omi tó ń mu sílẹ̀. "Ọmọge mélòó?"

"Mẹ́ta, Ìyá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pupa."

"Bàbá Wúrà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré!"

"N kò jó! Mo búra, n kò jó!"

Kàsálì rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Ó ní kí òun tún un ṣe. "Ẹ má bínú, Ìyá, eré lásán ni. Ó tiẹ̀ sàn ju ti ewúrẹ́ tí wọ́n jí lọ."

Alága ẹgbẹ́ bíríkìlà dìde dúró. "Ewúrẹ́ wo? Oṣù méjì ni mo ti ń wá ewúrẹ́ mi! Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Kàsálì wo Oyèníran. Oyèníran rọra fọwọ́ kan bàtà dúdú tó wọ̀. "Dúdú ni," Kàsálì ní.

"Tèmi ni! Láòyè, ìwọ ni? Ìwọ tí o bá mi wá a dé etí odò?"

"Òkú a máa jí ewúrẹ́ ni?" Bàbá figbe ta. "Mo kú ni! Nínú fíìmù yẹn, gbogbo ohun tí mo ṣe ò ju pé mo kú lọ!"

Bàbá wo Kàsálì bí ẹni ń wo ògiri tó wọ́. "Kàsálì. O kò wo ikú mi."

Wọ́n tan àwo náà. Ìpolówó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú sì rí i: oníjó yẹn, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, olè yẹn, ojú kan ló ní, ewúrẹ́ yẹn, funfun ni látorí délẹ̀. Ìyá Wúrà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Oyèníran fa fìlà bo orí rẹ̀ tó ń dán.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí," Kàsálì dọ̀bálẹ̀. "Ojú Oyèníran ni mo fi wò ó. Tèmi kì í lè là tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ojú Oyèníran náà lo fẹ́ máa fi wo ọmọ mi? Dìde. Jókòó síwájú. Bí o bá sùn kí n tó kú tán, o ti sùn kọjá ìyàwó."

Orin ìbẹ̀rẹ̀ dún. Oorun dé. Kàsálì gé orógbó jẹ, ó já ara rẹ̀ léèékánná nítan, ipéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Wúrà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ rí i. Ó na ọwọ́ sínú báàgì Ìyá, ó fa ìpara kátá yọ, èyí tó máa ń ta bí ata, ó tì í sí i lọ́wọ́. "Ẹ fi bíńtín sábẹ́ ojú," ó ní. "Bíńtín o!"

Ṣé ẹni tí ìyàwó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ bíńtín ni? Ìka méjì ni Kàsálì fi wa á, ó sì fi ra ojú méjèèjì.

Ojú dí pa. Omi ya. Àkókò yẹn gan-an ni Bàbá Láòyè gbé igbá ẹmu sẹ́nu nínú tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣubú, agbo ilé ní, "Yéè!" Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Nígbà kẹta, alága ní, "Láòyè, kú tán, jọ̀ọ́, ebi ń pa wá!" Ẹ̀rín gba ilé kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Kàsálì ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ikun ń dà, omi ojú ti rin ẹ̀wù rẹ̀ dé ìdodo, ó ń ké pé, "Yéè, mo kú o! Ó parí fún mi!"

Bàbá Láòyè yíjú, ó rí i. Ó wo Oyèníran: ojú ibẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ̀pà ló ń jẹ. Bàbá dìde, ó gbá orí Kàsálì mọ́ irùngbọ̀n.

"Ẹ wá wò ó! Lánàá, ojú Oyèníran ló yá, ijó àti ewúrẹ́ ló gbé bọ̀. Lónìí, ó fi tirẹ̀ wò ó, ẹ wo omi! Ẹ̀yin èèyàn, ojú olójú kò dà bí ojú ẹni! Wúrà, ọkọ rẹ nìyí."

Wúrà fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, torí kò rí ọ̀nà. "Adájọ́," ó rọra ní, "ìyẹn kì í ṣe omijé o."

"Dákẹ́ ẹnu rẹ," Kàsálì ní, "mú mi dé ìdí kànga."

Títí di òní, Kàsálì kò mọ bí àna rẹ̀ ṣe kú. Ọdọọdún ni Bàbá ń tan án, ọdọọdún ni Kàsálì ń sunkún, ọdọọdún náà ni ìpara kátá ń tán nílé Wúrà. Bí àgbà kan bá wá yọwọ́ sí yín pé ojú olójú kò dà bí ojú ẹni, ẹ bá a mi orí, òtítọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ojú ẹni náà wò ná.