Òǹtẹ̀ Lórí Pátánì Onípátánì

Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ń bọ̀ wá gba gáùn rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ ní agogo mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ apá gáùn náà fún un lábíyá gan-an. Ìyá Aránṣọ mọ ẹni tó ti rí ojútùú sí irú wàhálà yẹn. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì, lọ́dọ̀ ọkùnrin aránṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Olóǹtẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ní tí kò lu òǹtẹ̀ sí lára, títí dórí ife omi rẹ̀.

"Olóǹtẹ̀, jẹ́ kí n wo pátánì gáùn yẹn, bébà tí o fi ń gé aṣọ. Wọ́n ní o ti tún apá rẹ̀ ṣe."

Olóǹtẹ̀ gbá bébà náà mọ́ àyà. "Ẹ ò rí ohun tó wà lára rẹ̀ ni, mà? 'Gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́ ti Olóǹtẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò ó, kò gbọdọ̀ dà á kọ.'"

"Mo rí i. Mo tún rí ìkọ̀wé tèmi lábẹ́ òǹtẹ̀ rẹ. Ta ló fún ọ ní pátánì yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ọ̀fẹ́ lẹ fún mi, ẹ ò sì kọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá kàwé ló ń mọ irú nǹkan báyìí."

"Ìwé wo lo kà? Èyí tí wọ́n kọ sára páálí òǹtẹ̀? Íǹṣì kan péré lo fi kún apá, o wá fi gba odindi gáùn! Ojú ò tì ọ́?"

"Òfin ni, mà."

Inú bí Ìyá Aránṣọ débi pé ó fẹ́ jáde láìdágbére. Àfi bí Olóǹtẹ̀ ṣe sáré tẹ̀ lé e, tó ń nawọ́ sí gáùn kan tó fi pátánì yẹn kan náà rán, tí kọ́là ọrùn rẹ̀ nà ró bí etí ajá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Oníbàárà ti dá eléyìí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́là tiyín kì í nà ró. Ẹ fún mi ní pátánì rẹ̀."

"Kọ́là mi? Ọ̀fẹ́ ni. Mò ń bọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà dé. Nígbà tó máa dé, ó ti kọ nǹkan gàdàgbà sára pátánì kọ́là náà. Olóǹtẹ̀ kà á sókè:

"'Mi ò tọ́jú ẹ̀tọ́ kankan pamọ́. Dà á kọ, gé e, tà á, fi ta àna rẹ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n gáùn yòówù tí o bá rán an mọ́, pátánì rẹ̀ látòkè délẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi kọ́là mi sílẹ̀.' Irú ìkìlọ̀ wo lèyí? Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ náà ni. Tìrẹ ni mo dorí rẹ̀ kodò."

"Látòkè délẹ̀? Títí kan apá tí mo tún ṣe?"

"Àbí apá kì í ṣe ara gáùn mọ́?"

Olóǹtẹ̀ họ orí. "Tí mo bá mú kọ́là, tí mi ò rán an mọ́ gáùn ńkọ́?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sọ fún oníbàárà rẹ kó wọ kọ́là jáde, kó fi gáùn sílé."

Olóǹtẹ̀ tú bébà apá náà sórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. "Ó dáa, ẹ dà á kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kí àwọn aránṣọ yòókù gbọ́."

Ìyá Aránṣọ ti ń fi pẹ́ńsù tọ ìlà apá náà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Wọ́n ti tò síta. Mo pè wọ́n nígbà tí mo lọ mú kọ́là. Sún àpótí òǹtẹ̀ rẹ kúrò, kí wọ́n lè ríbi tẹ́ bébà wọn sí."