Ìyá Nọ́ọ̀sì Se Bakitéríà

Ìlà mẹ́ta ti kú pátápátá nínú oko Alátòmátì. Nǹkan funfun kan bí òwú, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, ló bo ìdí àwọn tòmátì náà, tí ewé wọn ń rọ bí aṣọ tútù.

Ọ̀gá tó máa ń yẹ oko wò gbé kẹ́ẹ̀gì kan fún un. Ó ní bakitéríà inú ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, pé kó da omi rẹ̀ sí ìdí tòmátì lọ́jọ́ kejì, wọn á bá nǹkan funfun yẹn jà. Alátòmátì gbé e sí ilé ìdáná, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, ó bá lọ wẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Kòkòrò kẹ̀? Nínú ilé ìdáná òun?

Kí Alátòmátì tó fi ọṣẹ kan orí, Màmá ti tan gáàsì. Ìkòkò ń hó kutukutu. Ogún ìṣẹ́jú gbáko! Ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ó dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dé e pinpin. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Alátòmátì da omi náà sí gbogbo ìdí tòmátì, ó ń kọrin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ìlà méjì mìíràn ti bá tàkọ́kọ́ lọ.

Ló bá ké sí ọ̀gá. Ọ̀gá kán ìyókù inú kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó wò ó, ó tún un wò, ó mi orí. Ó béèrè bóyá oòrùn ló pa àwọn bakitéríà náà. Alátòmátì búra pé abẹ́ ibòji ni wọ́n wà. Òógùn bò ó.

Màmá gbé omi tútù wọlé.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí ẹyọ kan tó yè?"

"Rárá o, Màmá. Gbogbo wọn ló ti kú."

"Ẹ ṣeun," ni Màmá wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ọ̀gá ò mọ ìgbà tó jókòó lé fìlà ara rẹ̀ lórí.

Wọ́n wá là á yé e pé àwọn tó sè yẹn kì í ṣe ọ̀tá, ẹ̀ṣọ́ ìdí igi ni wọ́n. Màmá gbé omi kalẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kò ṣi ẹnikẹ́ni pa rí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òmíràn wá, òun fúnra òun á tọ́jú wọn.

Kẹ́ẹ̀gì kejì dé. Láàárọ̀, Alátòmátì lọ gbé e. Orí bẹ́ẹ̀dì Màmá ló ti bá a, aṣọ funfun bò ó dé ọrùn. Bébà kan wà lára ògiri tí Màmá ń kọ ooru ara wọn sí: aago mẹ́fà, aago mẹ́jọ. Ó na ọwọ́. Màmá gbá a lọ́wọ́, pàà.

"Màmá, tòmátì ń kú lọ."

"A kì í gbé aláìsàn jáde báyẹn. Wá bọwọ́ lùwé."

Tòmátì yẹn padà yè o, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ìlà tó kù ló so. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alátòmátì kọ orúkọ sórí ìwé tí Màmá nà sí i, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì, ó wá kan ibi tí wọ́n ti béèrè pé: kí lo jẹ́ sí aláìsàn?

Ó wo Màmá. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Ó tẹ bíírò mọ́ bébà, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Bàbá wọn."