Ọjọ́ Tí Bàbá Morọ́lá Wá Mú Ọmọ Ẹ̀

Ọládòṣù, olùkọ́ ní yunifásítì, fi ọkọ̀ dí ẹnu ìsọ̀ Ìyá Waheedat ní Sabon Gari, níbi tí ìyá náà ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ iléèwé. Ọjọ́ ìdílé ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Wusasa. Òun ni wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí bí òbí òṣìṣẹ́ ṣe lè ráyè gbọ́ tọmọ, wọ́n sì ní kó mú ọmọ tirẹ̀ dání. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ Ìyá Waheedat ni Morọ́lá ń wà lójoojúmọ́ tí iléèwé bá ti parí. Albert oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbé e wá, òun náà ló ń gbé e relé. Láti ìgbà tí ìyàwó Ọládòṣù, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti fi ọmọ síbẹ̀, òní ni bàbá kọ́kọ́ yọjú.

"Ẹ káàsán o, màmá. Mo wá mú Morọ́lá."

Ìyá Waheedat kò dìde. "Sannu, ọ̀gá. Ta ni yín?"

"Bàbá ẹ̀ ni mí."

"Bàbá ta?"

"Bàbá Morọ́lá!"

"Haba! Ó ní bàbá?"

Kí Ọládòṣù tó fèsì, fóònù rẹ̀ dún. "Mi ò ráyè nísinsìnyí, jàre. Ó di ọ̀la." Ó pa á. "Màmá, ẹ ṣáà bá mi pè é. Wọ́n ń dúró dè mí."

"Ẹ má bínú. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà kì í ráyè dúró."

"Èmi! Ṣé mo jọ gbọ́mọgbọ́mọ?"

"Èyí tó bá jọ ọ́, ta ni yóò fún un lọ́mọ?" Ó fa àga rẹ̀ dí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. "Kíláàsì wo lọmọ yín wà?"

"Prámárì kejì!"

"Ó ti kúrò níbẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ níbẹ̀ ti kúrú, èmi ni mo wọn tuntun fún un. Èwo nínú eyín ẹ̀ ló ká?"

"Eyín ká?" Ọládòṣù fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

"Méjì iwájú. Èmi àti ẹ̀ la jọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, tó fi jù ú sórí òrùlé mi níbí."

Èyí dun Ọládòṣù. Nígbà tí eyín tirẹ̀ ká l'Ọ́yọ̀ọ́, bàbá rẹ̀ ló gbé e lé èjìká kí eyín lè dé orí páànù.

"Kí ló máa ń jẹ?"

"Ìrẹsì! Ọmọ wo ni kì í jẹ ìrẹsì?"

"Tuwo àgbàdo ni, ọ̀gá. Ìrẹsì, kì í tọ́ ọ wò."

"Ọmọ mi ń jẹ tuwo?"

"Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tó wà níbí kì í ṣe tiyín."

Fóònù tún dún. "Mi ò ráyè nísinsìnyí, jàre! Ó di ọ̀la!" Ó pe ìyàwó rẹ̀, kò wọlé, ẹnu iṣẹ́ ni ìyẹn wà. Ó wá fọ́tò títí, ó sì rí ọ̀kan. "Òun rèé! Ẹ wò ó!"

Ìyá Waheedat gba fóònù. "Màṣà Allah. Ọmọ ọwọ́ lèyí."

"Ọjọ́ ìkómọ ni. Èmi ni mo gbé e yẹn."

"Ẹ ti sanra sí i. Ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló dúró sí ni?"

Ọládòṣù jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àpò ìbọ̀sẹ̀. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró síwájú ìjọ láìmú ọmọ dání?"

"Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ?"

"Bí òbí òṣìṣẹ́ ṣe lè ráyè fún ọmọ."

Ìyá Waheedat wò ó títí. "Ta ló fẹ́ kọ́ ẹ̀yin?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà jù.

"Ó ku ẹyọ kan," ni ìyá náà wí. "Kí ni oríkì ẹ̀?"

Ọládòṣù fò dìde. "Àbẹ̀kẹ́! Èmi gan-an ni mo sọ ọ́!"

"To! Ẹ pè é. Mo ti ní kò gbọdọ̀ jáde fún ẹni tí kò bá mọ̀. Tó bá mọ ohùn yín, á wá."

Ọládòṣù wú ikọ́, ó sì da oyin sóhùn. "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ò!"

Ohùn kékeré kan dáhùn láti yàrá ẹ̀yìn: "Na'am! Ta ni?"

"Dádì ni!"

"Mi ò ráyè nísinsìnyí, jàre," ni ohùn náà wí. "Ó di ọ̀la."

Ìyá Waheedat fa àga kúrò, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. "Wàláhì, ọ̀gá, ẹ wọlé wá mú un. Ọmọ yín ni."