Irin Abẹ́ Òkun àti Páàsì Jacob

Kí oòrùn tó gun orí òrùlé lánàá ni ẹjọ́ ti wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Ìdí-Ọsàn, lẹ́yìn Lálùpọn. Èmi ni mò ń kọ̀wé ààfin, èmi náà ni mò ń tẹ́ ẹní, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí n kò rí. Gbọ́njúbọ́lá tó ń yan gàrí ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Jacob ni ọkọ náà, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Jacob, ẹ má rò pé mò ń rí i fín bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Kí ni Jacob ṣe?" Baálẹ̀ béèrè.

"Ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Olúyínká ọmọ wa bímọ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n wá máa wẹ̀ ẹ́. Oyèkúnlé àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé ọ̀dọ̀ òun ni ọkọ̀ òfuurufú máa já èmi àti bàbá rẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ló lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù: ká wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí òkun, tàbí ká wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń gba abẹ́ òkun. Ó ní ká yan ọ̀kan, ká buwọ́ lùwé, ká fi ránṣẹ́ sí òun."

"Abẹ́ kí ni?" Ọ̀tún Baálẹ̀ tó ti ń tòògbé lajú.

"Abẹ́ òkun, Ọ̀tún."

"Ibẹ̀ kọ́ ni ẹja ń gbé?"

"Ohun témi náà sọ nìyẹn. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ló wù mí. Àfi bí ìwé Oyèkúnlé mìíràn ṣe dé. Akọ̀wé ìjọ wa ló kà á fún mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, 'Màámi, ẹ ṣeun tí ẹ yan ọkọ̀ ojú irin. Mo rí ìbuwọ́lù yín.' Baálẹ̀, èmi tí n kò di bírò mú rí láyé mi."

Jacob ń wo àjà.

"Bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yanjú, n kò lọ mọ́," Gbọ́njúbọ́lá ní. "Bí n kò bá sì lọ, ìyá ọkọ Olúyínká tó wà ní Ajíbọ́dẹ ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi gbé òun lọ, òun á gùn ún. Òun ni yóò wẹ ọmọ mi."

Omi lé sí i lójú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé inú.

"Jacob, ṣé ìwọ lo buwọ́ lùwé fún un?"

"Mo ràn án lọ́wọ́ ni, Baálẹ̀. Ọkọ ni orí aya. Bí orí bá ti buwọ́ lùwé, ṣé ọwọ́ tún máa jiyàn ni?"

"Kí ló dé tó fi jẹ́ irin dandan?"

Jacob ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fa páálí kékeré kan tó ti pọ́n yọ níbẹ̀. "Páàsì mi nìyí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sin rélùwéè. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé èmi àti ìyàwó mi lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ dé Bẹ́ljíọ̀mù."

"Ti ìlú wa ńbí kọ́ ni?"

"Ta ló kọ́kọ́ la irin síbí, Baálẹ̀? Òyìnbó. Ta ló ni ti abẹ́ òkun? Òyìnbó. Irin kan náà ni, omi ló kàn wà láàárín."

Bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èmi tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bí omi bá wá ya wọlé ńkọ́?" Ọ̀tún béèrè.

"Wọ́n á fọn fèrè kó tó wọlé. Kò sí ohun tí wọn kì í fọn fèrè sí ní rélùwéè."

Wọ́n pe Sàníù, ẹlẹ́rìí Jacob.

"Baálẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ irin tó Jacob. Òun ló ń wa ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò."

"O fojú rẹ rí i?"

"Ojoojúmọ́."

"Níbo?"

"Níbi géètì, níbi tí títì ti gba orí irin kọjá."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń ti géètì, kí mọ́tò má baà kọ lu ọkọ̀ ojú irin."

"Ta ló wá ń wa ọkọ̀ ojú irin?"

Sàníù ronú díẹ̀. "Ẹlòmíì ni. Jacob ló ń júwọ́ sí i."

Baálẹ̀ yíjú. "Jacob, ṣé o ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí?"

Jacob wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Rárá, Baálẹ̀. Bí mo bá wọ̀ ọ́, ta ni yóò ti géètì? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró kí àwọn ẹlòmíì kọjá."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù ayédèrú ṣì wà nínú ìwé.

Ó kan Fàtímọ̀, ẹlẹ́rìí Gbọ́njúbọ́lá, tí àwọn méjèèjì jọ ń yan gàrí.

"Ìyá Olúyínká ò bẹ̀rù omi rárá, Baálẹ̀, ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Inú omi la ti ń fọ ẹ̀gẹ́."

"O ti rí i tó la odò kọjá rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún tí òjò gbé afárá oko wa lọ, àwa méjèèjì la jọ kọjá."

"Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn?"

"Mo pọ̀n ọ́n ni. Ó dijú, ó ní kí n pe òun tí a bá gúnlẹ̀."

"Ibo ni omi náà mù ọ́ dé?"

"Ọrùn ẹsẹ̀, Baálẹ̀."

Gbọ́njúbọ́lá wò ó bí ẹni pé kò ní bá a yan gàrí mọ́ láyé. Ọ̀tún fi fìlà bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Baálẹ̀ wúkọ́. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé lórúkọ Gbọ́njúbọ́lá ti di Gbọ́njúbọ́lá. Láti òní títí di ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, Jacob ni yóò máa yan gàrí nídìí agbada Gbọ́njúbọ́lá. Ìyá Olúyínká ni kí tọmọdé tàgbà máa pè é, dandan sì ni kó jẹ́. Gàrí tó bá yan lẹ máa gbé lọ fún ọlọ́mọ. Bó bá jóná, kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé, mú ìwé tuntun. Kí Gbọ́njúbọ́lá sọ ọkọ̀ tó fẹ́, kó sì tẹ̀ka sí i."

Mo ti kọ "ọkọ̀ ojú" tán, ó ku "omi", ni obìnrin náà bá dá mi dúró.

"Akọ̀wé, èwo ni Oyèkúnlé ní ó yá jù?"

Mo wo ìwé Oyèkúnlé àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wá síwájú Baálẹ̀. "Irin, wákàtí mẹ́ta. Omi, odidi ọjọ́ kan."

"Kọ irin."

Gbogbo ààfin lanu.

"Ẹ̀rù abẹ́ òkun ńkọ́?" Baálẹ̀ béèrè.

"Mà á dijú. Ọmọ ń dúró."

"Irin náà kọ́ ni ọkọ rẹ yàn? Kí lo wá pe ẹjọ́ lé lórí?"

"Wọn ò bi mí ni, Baálẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé wọn. Kí wọ́n bi mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Jacob rọra súnmọ́ ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní.

"Ìyá Olúyínká, jọ̀ọ́, ṣé ká wọ ọkọ̀ ojú irin?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò."

Ó rò ó. Baálẹ̀ ń dúró, Ọ̀tún ń dúró, gbogbo wa ń dúró. Ó tún gèlè rẹ̀ wé kó tó dáhùn.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ mú páàsì yẹn dání. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Oyèkúnlé ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Láàárọ̀ yìí mo gba ìdí agbada kọjá. Jacob ló wà nínú èéfín, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ro gàrí bí ẹni ń po amọ̀.

"Ìyá Olúyínká, ẹ kú iṣẹ́ o," mo kí i.

"Òo," ó dáhùn.

Bí fèrè ọkọ̀ ojú irin ṣe dún láti ọ̀nà Lálùpọn nìyẹn. Jacob dìde, ó na igbá tó fi ń yan gàrí sókè, ó ń fì í sí ọkọ̀ náà bó ṣe máa ń júwọ́ níbi géètì, títí tí kò fi gbọ́ fèrè náà mọ́. Gàrí sì jóná.