Wọ́n Ní Kí Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà Wo Inú Ìtàn

Pátákó tí orúkọ àwọn aláìsàn máa ń hàn sí nílé ìwòsàn ojú kan ṣàdédé ṣú, èrò sì ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ẹnu-ọ̀nà, tó ń gba àlejò níbẹ̀, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kò fọwọ́ kàn rí, ó pe Ọ̀gá Mo-gbọ́n lórí fóònù. Ọ̀gá yìí ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó orúkọ pamọ́ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ láàárọ̀, ó wà nílé.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àṣẹ kan péré ni mo kọ, ó jí."

"Ẹ pè é fún mi, ọ̀gá, kí n kọ ọ́."

Ọ̀gá húkọ́. "Irú wa kì í há àṣẹ sórí. Ẹ̀rọ ló ń bá wa rántí. Ẹ wo inú ìtàn."

Ìyá wo ìsàlẹ̀. "Mo ti wò ó."

"Kí lẹ rí?"

"Aṣọ iṣẹ́ mi ló bò ó."

"Ìtàn ni mo wí, màmá, kì í ṣe itan. Ìtàn gbogbo àṣẹ tí mo ti pa fún ẹ̀rọ. Ẹ tẹ Kọ́ńtírólù pọ̀ mọ́ R. Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́?"

"Tẹ́ kẹ̀? Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń bú mi níbí, ọ̀gá, mi ò tíì tẹ́."

"Bọ́tìnnì ni kí ẹ tẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ wá kọ 'aláìsàn'. Àṣẹ tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ á yọ, èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò ṣíwájú. Ẹ kà á fún mi."

Ìyá ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Ó yọ. Ó ní, 'Ìrànlọ́wọ́: báwo ni mo ṣe lè to orúkọ aláìsàn?'"

"Ìyẹn kọ́. Ẹ tún un tẹ̀, ẹ lọ sẹ́yìn."

"'Ìrànlọ́wọ́: orúkọ aláìsàn kò hàn.' Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ yìí lẹ ń bẹ̀ kó ràn yín lọ́wọ́?"

"Ọmọ iṣẹ́ kan ló kọ ìyẹn."

"Ṣebí ẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí yín, ọwọ́ rẹ̀ á rọ?"

"Màmá, ẹ lọ sẹ́yìn."

"'Ìrànlọ́wọ́: mo ti ṣèèṣì pa orúkọ aláìsàn mẹ́ta rẹ́, ṣé wọ́n lè padà?'" Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. "Ọ̀gá, ṣé àwọn bàbá mẹ́ta tí ẹ ní wọn ò forúkọ sílẹ̀ lánàá nìyẹn, tí ẹ ní kí n dá padà sílé?"

"Ẹ lọ sẹ́yìn."

Ó lọ sẹ́yìn. "Èyí gùn bí ọ̀nà oko. 'Yan orúkọ aláìsàn, yan yàrá, yan dókítà...'"

"Òun gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ńlá ọwọ́ ọ̀tún."

Pátákó tàn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Ó ti jí, ọ̀gá."

"Mo sọ fún yín. Nǹkan kan ló kù, màmá mi àtàtà. Ẹ bá mi pa ìtàn yẹn rẹ́ pátápátá kí dókítà àgbà tó wọlé."

"Kò burú. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á rẹ́?"

Ọ̀gá húkọ́, ó tún húkọ́.

"Ó dáa, ọ̀gá, ẹ má dààmú. Ṣé kí n bá yín bẹ ẹ̀rọ, bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́?"