Ìwé Ńlá Don Eleuterio

Ní ìlú wa Palo Hueco, bí ẹ bá rí ọkùnrin tó dúró níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tó ń ṣí fìlà kí ara rẹ̀, Don Eleuterio Peguero nìyẹn. A-rìn-bí-ẹni-tí-wọ́n-ń-yà-ní-fọ́tò. A-gbàgbé-oúnjẹ-nídìí-dígí. Òun ni alága ẹgbẹ́ òbí ilé ẹ̀kọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bí ọmọ kankan.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìwé kan ṣoṣo ni agbára wa ká fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Èyí tí a bá yàn ni wọn yóò fi kọ́ ìwé kíkà títí ọdún yóò fi parí. Tíṣà Nereida fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan, ìtàn adìyẹ tó wọ bọ́ọ̀sì tó sì kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ ti rí àwòrán iwájú rẹ̀, láràárọ̀ ni wọ́n ń béèrè ibi tí adìyẹ náà ń lọ.

Don Eleuterio fẹ́ ìwé tirẹ̀, èyí tó pè ní Ìgbésí Ayé Eleuterio Ẹni Ńlá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló rù ú wá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sì jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Adìyẹ?" ló bi Tíṣà níṣojú gbogbo wa. "Tí wọ́n bá dàgbà, ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ kí wọ́n jọ ni, àbí èmi?"

Nereida ní kò burú. Kí àwọn ọmọ wo ìwé méjèèjì ní gbàgede ìlú lọ́jọ́ Ìsinmi, kí àwọn òbí wá nawọ́ dìbò. Inú alága dùn, ó háyà àwọn olórin merengue sílẹ̀ de ìjáwé olúborí rẹ̀.

Nereida ti kọ́ àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé tuntun. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ò bá mọ̀, kó na ìka kan sókè. Tí ìka márààrún bá ti dìde tán lójú ewé kan, ìwé náà ti ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Gbogbo òbí ló mọ̀ ọ́n. Alága nìkan ni kò mọ̀, torí kì í dé ilé ẹ̀kọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, wọ́n pín ẹ̀dà ìwé ńlá náà fún àwọn ọmọ. Kí àwọn ọmọ tó ka ìlà kejì, ọwọ́ ti lọ sókè rẹrẹẹrẹ.

Don Eleuterio ṣí fìlà. "Mi ò tíì ní kí wọ́n dìbò," ló wí, "wọ́n ti dìbò."

Ó ṣẹ́jú sáwọn olórin, orin sọ. Ni àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ kejì. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ramoncito, tí ìka ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

"Ẹ wo èyí," ni alága wí, "ó ń fẹsẹ̀ dìbò fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Yuleisy, ọmọ ọdún méje, ló ṣàánú rẹ̀. "A ò dìbò o, Don Eleuterio. Ọ̀rọ̀ tá ò mọ̀ ló pọ̀ tó yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á."

Orin dákẹ́. Alága wúkọ́, ó ṣí ìwé. Lọ́yà kan ní olú-ìlú ló bá a kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣí i rí kọjá àwòrán ara rẹ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀ geerege. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gbé e ṣánlẹ̀. Ìyá rẹ̀, Doña Eduvigis, tó jókòó níwájú, na ìka kan. Ó gbìyànjú òmíràn, ìyá na ìkejì. Kò pẹ́ tí ọwọ́ ìyá méjèèjì fi wà lókè.

"Eleuterio," ni ìyá àgbà wí, "ìka mi ti tán. Ṣé kí n bọ́ bàtà ni?"

Gbogbo òbí nawọ́ fún adìyẹ. Ìyá àgbà nàka sí ẹní tí àwọn ọmọ jókòó lé, alága sì lọ jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Yuleisy fún un ní ìwé pẹlẹbẹ náà. Ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì, nígbà tó dé ibi tí adìyẹ ti yé ẹyin sórí ìjókòó dírẹ́bà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó kà á tán, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹ̀ṣẹ́ ni, ìka kankan ò yọ.

"Màmá," ni alága wa wí, "ẹ wò mí."