Àkísàátán àti Orúkọ Mẹ́ta Tó Rí Lára Lẹ́tà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú ọkùnrin kan rí fún yín, kí ẹ sì bá mi káàánú rẹ̀ bí ẹ bá lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

Àkísàátán lorúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ bí tí wọ́n kú kí ó tó bí i, ni bàbá rẹ̀, Pápá Oyèkànmí, bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kò sí àkísà tí a ó fi sin òkú ọmọ mọ́, kí ọmọ yìí yáa jókòó. Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jẹ́ kó gbádùn ìjókòó rẹ̀. Ní ilé ìwé, wọ́n á ní, "Àkísà, wá nu pátákó." Nígbà tó lọ tọrọ ìyàwó, àna rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé orúkọ ni àbí èébú. Ó wá búra pé bí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ, orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ rárá lòun máa sọ ọ́. Ó máa ń ní, "Ibi tí ìtumọ̀ bá wà, ibẹ̀ ni èébú ń gbé."

Ó di ọdún kẹsàn-án kí Fadérera, ìyàwó rẹ̀, tó bí ọmọkùnrin. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Àkísàátán ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Bí lẹ́tà òyìnbó bá ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, tí orúkọ kan sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu, á dà á kọ sínú ìwé pélébé kan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa bímọ, ó ti ṣa mẹ́ta tó dùn jù.

Ọjọ́ kẹjọ pé, nínú ilé bàbá rẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń gbé. Iyọ̀ wà nílẹ̀, oyin wà nílẹ̀. Pápá Oyèkànmí àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta jókòó síwájú, wọ́n ti ṣí fìlà nítorí àdúrà. Àkísàátán dìde, ó ní, "Kálífìnì lorúkọ ọmọ mi."

"Kálífìnì!" ni gbogbo ilé dáhùn. "Ó mà dùn létí o!"

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Pápá béèrè.

"Kò ní ìtumọ̀, Pápá. Orúkọ òyìnbó ni."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n Tíṣà Akínbámi, ọ̀gá ilé ìwé ìjọ, nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kò sí orúkọ òyìnbó tí kò ní ìtumọ̀. Ìwé rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi." Ó yọ ìwé ńlá kan lábẹ́ abíyá, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Àkísàátán mọ ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó dé.

Tíṣà fi itọ́ sí ìka, ó ṣí i. Ó kà á sínú. Ó tún un kà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa bá àdúrà lọ."

"Kà á síta," ni Pápá wí.

"Sà... wọ́n ní apárí ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kú. Orí mẹ́rin tó wà níwájú ń dán nínú oòrùn àárọ̀, irun ẹyọ kan ò sí lórí èyíkéyìí nínú wọn.

"O wá ń fi ọmọ bú mi," Pápá wí. "Èmi àti àwọn àbúrò mi, lójú àna."

"Pápá, ẹ dákun, mi ò mọ̀!" Àkísàátán ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá Fadérera ló bá a bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má bínú, àna mi. Àìmọ̀kan ni. Ẹ jẹ́ kó sọ òmíràn."

Ọkàn Àkísàátán bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀. Ó rọra ní, "Kámẹ́rọ̀nù." Ó wá yíjú sí Tíṣà. "Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ pa ìwé yẹn dé."

"Kò gbọdọ̀ pa á dé!" Pápá jágbe.

Àkísàátán ń gbàdúrà nínú pé kí ikán ti jẹ ojú ewé yẹn. Ikán ò jẹ ẹ́.

"Wọ́n ní onímú wíwọ́," Tíṣà wí.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo Ìyá Fadérera, ṣùgbọ́n ojú ò gbọ́ràn. Nígbà tí ìyá yìí wà lọ́mọdé ló já bọ́ lórí igi gúáfà. Láti ìgbà náà, bí ojú rẹ̀ bá dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì, imú rẹ̀ ń lọ sọ́jà. Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé, ó dìde. "Fadérera, mo ń lọ sílé. Èmi tí mo bá a bẹ̀bẹ̀!" Ó sì lọ. Fadérera bú sẹ́kún, ọmọ náà bá a gbè é.

Ọkàn Àkísàátán ti kú. Ó ní kí wọ́n dá ìsọmọlórúkọ dúró, Pápá ní àfi kó sọ ẹ̀kẹta, nítorí ọjọ́ kẹjọ kì í kọjá lórí ọmọ aláìlórúkọ. Ó bá dìde, ó wo àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ẹsẹ̀. Kò rí arọ. Kò rí olójú kan. Kò rí abuké. Ó wo gbogbo ènìyàn tán pátá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Báírọ̀nù."

Tíṣà wá a rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ní... ẹni tó ń gbé ibùso màlúù."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún méje ni Pápá Oyèkànmí fi ro ẹjọ́ ilé yẹn láàfin. Bàbá Alápó, aládùúgbò rẹ̀, ló ń sọ kiri pé ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Pápá jàre. Ọba ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ màlúù mọ́ ilé náà mọ́ láéláé. Ìkómọ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ fi parí ìjà, Bàbá Alápó sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú obì lọ́wọ́.

Ó fò dìde. "Ẹ ò rí i! Ọdún méje ni mo fi sọ ọ́, ẹ ní irọ́ ni mò ń pa. Ìwé òyìnbó gan-an mọ̀ ọ́n!"

Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń pa mọ́ra láti àárọ̀ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Pápá ò rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ pariwo, èyí ló bani lẹ́rù jù. Ó ní, "Kó ẹrù rẹ."

Bí oòrùn ṣe dé àtàrí, Àkísàátán ti wà lódìkejì ọ̀nà pẹ̀lú ẹní lórí, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ tí kò lórúkọ dání. Wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ti ìlẹ̀kùn gbàgà. Ọkùnrin náà ò lè kúrò níbẹ̀.

"Bàbá ọmọ, kí lẹ ń wò?" Fadérera béèrè.

"Ilé ni mò ń wò."

"Ilé!" Obìnrin náà káwọ́ kan lérí. "Ṣé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ!"

Àwọn tó ń lọ sọ́jà gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé e lọ. Kí ọjà márùn-ún tó pé, ó ti dé ìlú keje. Ọmọ náà ti ń rákò kí inú Pápá tó rọ̀, kó tó fún un lórúkọ. Títí Àkísàátán fi kú, kò sí ibi tó dé tí wọn kì í ti pa òwe náà fún un, wọ́n á sì máa là á yé e, bí ẹni pé kò mọ ibi tó ti wá. Á mi orí, á ní, "Òótọ́ ni, ẹ̀yin ará. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ."